Gbèsè tí A Jẹ Ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ lórí ajílẹ̀ àti oko ìrẹsì, tí a sọ níwájú ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù

 

Ẹ kò ní ṣàì rántí àríyànjiyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ láàrin wa ní ìpàdé tí ó kọjá. Apá kan dìde, wọ́n ní ajílẹ̀ òyìnbó ni ó ba ilẹ̀ àwọn bàbá wa jẹ́, àti pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ràn ilẹ̀ Yorùbá ní òtítọ́ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn án. Apá kejì dá wọn lóhùn pé ẹni tí kò bá da ajílẹ̀ sí oko ìrẹsì, koríko ni yóò ká. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ẹran àti ewé jíjẹrà, ọ̀rọ̀ àwọn tí kò di ọkọ́ mú rí ni. Ohùn ga, àwọn àgbà sì pàrọwà. Ẹgbẹ́ wá fi lé wa lọ́wọ́ pé kí a wádìí ọ̀rọ̀ náà, kí a sì mú àbọ̀ wá. Àbọ̀ náà nìyí. A kò wá láti gbè sẹ́yìn apá kan. Bí òtítọ́ bá sì ta apá méjèèjì lára, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bínú sí wa.

Bí a ti rò ó, ohun tí ó dá ìjà náà sílẹ̀ ni pé ìbéèrè méjì ni a ń dáhùn bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Ìbéèrè kìn-ín-ní ni pé: Kí ni yóò mú kí ìrẹsì so dáradára ní ọdún yìí? Ìbéèrè kejì ni pé: Báwo ni ilẹ̀ náà yóò ti rí nígbà tí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún? Ẹni tí ó da ajílẹ̀ sí oko, tí ó sì rí i tí ewé dúdú minimini lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti rí ìdáhùn sí ti ìkíní. Kò tíì rí nǹkan kan nípa ti ìkejì. Ilẹ̀ kì í yára sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, àfi kí ó jókòó tì í pẹ́. Nítorí náà ni a ṣe lọ wá àwọn tí ó ti jókòó tì í, àwọn tí ó dá oko kan náà lọ́dọọdún, tí wọ́n fún un ní oúnjẹ kan náà lọ́dọọdún, tí wọ́n sì kọ gbogbo ìkórè rẹ̀ sílẹ̀ láti ọwọ́ bàbá dé ọwọ́ ọmọ.

Èyí tí ó dàgbà jùlọ nínú irú oko bẹ́ẹ̀ wà ní Rothamsted, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1843 ni John Lawes àti ẹnìkejì rẹ̀, Joseph Gilbert, pín ilẹ̀ kan tí ń jẹ́ Broadbalk sí ìlà ìlà, wọ́n sì gbin àlìkámà sí i. Ìlà kan kò rí ajílẹ̀ kankan gbà títí di òní olónìí. Ìlà kan ń gba ìgbẹ́ ẹran lọ́dọọdún. Àwọn ìlà mìíràn ń gba ajílẹ̀ inú àpò. Ìlà tí kò rí nǹkan gbà kò kú, ṣùgbọ́n tálákà ni: nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1 ni ó ń mú wá lórí hẹ́kítà. Ti ìgbẹ́ ẹran àti ti àpò, fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ìkórè wọn súnmọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, àwọn tí ń gbèjà àpò ni ìbá jàre. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wa erùpẹ̀ wò, ilẹ̀dú tí ó wà nínú ìlà ìgbẹ́ ẹran ti ju ìlọ́po méjì ti ìlà àpò lọ. Ọkà dọ́gba lókè. Ilẹ̀ kò dọ́gba nísàlẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé àlìkámà kì í ṣe ìrẹsì, ilẹ̀ òtútù kì í sì í ṣe ilẹ̀ wa. Òótọ́ ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọjá sí ilẹ̀ Filipínì, níbi tí oòrùn ti ń mú bí ti wa. Ní ìlú Los Baños ni a dá Ilé Ìwádìí Ìrẹsì ti Àgbáyé sílẹ̀ ní 1960, èyí tí a ń fi ìkékúrú pè ní IRRI. Ní 1963, wọ́n ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀, wọ́n ní ìrẹsì nìkan ni a ó máa gbìn síbẹ̀ láìsinmi. Láti 1968, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń kórè nínú ọdún kan. Oko náà ti so ju ìgbà 150 lọ báyìí. Apá kan ibẹ̀ kò rí náítírójìn inú àpò gbà rárá; àwọn apá yòókù ń gbà á ní ìwọ̀n kékeré, àárín, àti ńlá.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 títí wọ inú àwọn ọdún 1990, ìkórè apá tí a ń fún ní ajílẹ̀ dáradára ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ajílẹ̀ kò dín kù, omi kò wọ́n, irúgbìn tuntun tí ó dára ni wọ́n sì ń gbìn, síbẹ̀ ilẹ̀ ń fà sẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ yẹ erùpẹ̀ wò, wọ́n rò pé yóò ti gbẹ́ dànù. Ó yà wọ́n lẹ́nu pé náítírójìn inú rẹ̀ kò dín kù rárá. Ilẹ̀ náà ní in lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ náà pa. Nítorí pé omi kò kúrò lórí rẹ̀ láti ìrúwé dé ìrúwé, àwọn gbòǹgbò àti koríko àtijọ́ ń jẹrà níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, wọ́n sì ń so mọ́ náítírójìn pinpin, tó bẹ́ẹ̀ tí kì í tú jáde ní àkókò tí ọ̀gbìn ń fẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ díẹ̀ láàrin ìkórè àti ìgbìn, tí wọ́n sì pín ajílẹ̀ sí àwọn àkókò tí ebi ń pa ìrẹsì gan-an, ìkórè padà bọ̀ sípò. Oòrùn tí ó ràn dáradára ní àwọn ọdún náà sì tún ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ohun kejì tí oko yẹn fi hàn tún ṣe pàtàkì fún wa. Apá tí kò rí náítírójìn gbà kò di aṣálẹ̀. Lọ́dọọdún ni ó ń mú ìkórè tí ó mọ níwọ̀n wá. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú omi tí ó bo ilẹ̀ ìrẹsì ni àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tín aláwọ̀ ewé ń gbé, àwọn ni wọ́n ń gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ tí wọ́n sì ń fi sí ilẹ̀ láìgba owó. Oore omi nìyí. Ṣùgbọ́n oore yìí, ti àkùrọ̀ ni. Ìrẹsì tí a gbìn sórí ilẹ̀ òkè, tí òjò nìkan ń rin, irú èyí tí a mọ̀ mọ́ Ọ̀fàdà, kò ní ìpín tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mú ìmọ̀ràn àkùrọ̀ lọ sí oko òkè láìyí i padà yóò ṣìnà.

Ní ilẹ̀ Íńdíà pẹ̀lú, láti 1970, ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ irú ìdánwò ọlọ́jọ́ pípẹ́ yìí ní oríṣiríṣi ìlú, ìrẹsì sì wà nínú ohun tí wọ́n ń gbìn. Ohùn tí ó jáde níbẹ̀ ṣe kedere. Níbi tí a ti ń fún ilẹ̀ ní náítírójìn nìkan, ìkórè dára ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó wó lulẹ̀, nítorí pé ọ̀gbìn tí ó ń yára dàgbà ti fa fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀mù inú ilẹ̀ tán. Níbi tí a ti fún un ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dúró pẹ́. Níbi tí a ti fún un ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú ìgbẹ́ ẹran, ibẹ̀ ni ó dára jù, ibẹ̀ ni kì í sì í yẹ̀. Ní Pantnagar, ní ilẹ̀ Íńdíà kan náà, ewé ìrẹsì ń di pípọ́n bí irin tí ó dípẹtà, àwọn ènìyàn rò pé àrùn ni. Ní 1966 ni onímọ̀ kan, Y. L. Nene, fi hàn pé kì í ṣe àrùn bí kò ṣe ebi: síńkì ni kò tó nínú ilẹ̀. Ohun kékeré ni síńkì, ṣùgbọ́n nígbà tí ó wọ́n, àpò ajílẹ̀ tí kò ní i nínú kò lè dí àlàfo rẹ̀.

Ewu mìíràn wà, èyíinì ni kí ilẹ̀ kan. Ní Rothamsted, àwọn ìlà koríko tí a ti ń da ammonium sulphate sí láti 1856 kan tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ irú ewéko kò lè hù níbẹ̀ mọ́, àfi níbi tí a da ẹfun sí. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti da náítírójìn lọ́pọ̀lọpọ̀ láti àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí kéde ní 2010 pé ilẹ̀ oko ní ọ̀pọ̀ agbègbè ibẹ̀ ti kan sí i láàrin nǹkan bí ogún ọdún, àti pé àpọ̀jù náítírójìn ni olórí ìdí rẹ̀. Omi tí ó bo àkùrọ̀ máa ń pẹ̀tù sí kíkan náà. Oko òkè kò ní olùgbèjà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Irú ilẹ̀ wo ni tiwa? Ní apá tí ó pọ̀ jùlọ ní ilẹ̀ Yorùbá, amọ̀ inú ilẹ̀ wa kò lágbára púpọ̀ láti di oúnjẹ ọ̀gbìn mú. Ilẹ̀dú orí rẹ̀ ni àpò tí ó ń kó o sí. Bí ilẹ̀dú bá wà, ohun tí a dà sí i yóò dúró de gbòǹgbò. Bí ilẹ̀dú bá tán, òjò yóò ṣàn án lọ, a ó sì dà bí ẹni tí ń pọn omi sínú agbọ̀n. Ní Ìbàdàn, níbi tí a dá ilé ìwádìí IITA sílẹ̀ ní 1967, ni a ti rí i pé bí a bá ṣán igbó tí a sì ń ro ó láìsinmi, ilẹ̀dú rẹ̀ kì í pẹ́ dín kù. Nítorí náà ni a ṣe wí fún apá kejì pé: àpò yín kò burú, ṣùgbọ́n ọ̀gbìn ni ó ń bọ́, kò tó láti bọ́ ilẹ̀.

Ó kù sí apá kìn-ín-ní, àwọn ará wa tí wọ́n ní kí a padà sí ọ̀nà àwọn bàbá wa. A gbóríyìn fún ìfẹ́ ilẹ̀ tí ó wà ní ọkàn wọn. Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀nà àwọn bàbá wa? Wọ́n á dá oko fún ọdún mélòó kan, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi di igbó padà. Ìsinmi ni ajílẹ̀ wọn. Ewé tí ó ń já lulẹ̀, ekòló tí ń yí erùpẹ̀, gbòǹgbò igi tí ń fa oúnjẹ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, àwọn ni òṣìṣẹ́ wọn. Lónìí, ilẹ̀ tí ó tó ẹnìkan ni ọmọ mẹ́wàá pín. Ìlú ti gbilẹ̀ wọ oko. Ilẹ̀ tí ì bá sinmi fún ọdún mẹ́wàá kò rí méjì sinmi mọ́. Ẹni tí ó bá gbé ìsinmi kúrò, tí kò sì fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀, kò tẹ̀lé ọ̀nà àwọn bàbá wa. Ó kàn ń kórè ohun tí wọ́n fi pamọ́ ni. Orúkọ tí a fún àpò náà kò sì yẹ kí ó dẹ́rù bà wá mọ́. Ní 2022 ni a ṣí ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Lẹ́kì, ní ìpínlẹ̀ Èkó, tí a kọ́ láti máa ṣe mílíọ̀nù 3 tọ́ọ̀nù yúríà lọ́dún. Èyí tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe, a kò lè máa pè é ní ti òyìnbó títí láé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ṣírò gbèsè náà. Fún tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ìrẹsì tí a bá kórè, ọ̀gbìn yóò ti gba nǹkan bíi kìlógíráàmù 15 náítírójìn àti nǹkan bíi 15 pòtásíọ̀mù láti inú ilẹ̀, èyí tí ó wọ inú ọkà àti èyí tí ó wọ inú pòròpórò rẹ̀. Bí àgbẹ̀ kan bá kórè tọ́ọ̀nù 3 lórí hẹ́kítà, pòtásíọ̀mù tí ó jáde jẹ́ 45. Nínú 45 yìí, bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún kò sí nínú ọkà tí ó tà. Inú pòròpórò ni ó wà, ó tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 36. Àpò ajílẹ̀ 15-15-15 tí ó wọn kìlógíráàmù 50, pòtásíọ̀mù inú rẹ̀ kò ju 6 àti díẹ̀ lọ. Ẹ wò ó, ará: pòròpórò tí a kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ oko tí a sì ṣáná sí, ó súnmọ́ àpò mẹ́fà. Iná yóò rán fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo náítírójìn inú rẹ̀ lọ sí òfuurufú. Eérú tí ó kù, bí ó bá wà ní ojú kan, òjò ni yóò gbé e lọ sí odò. Lẹ́yìn náà ni àgbẹ̀ yóò wá mú owó lọ sí ọjà láti ra ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sun.

Nítorí náà, ohun tí a rí nìyí. Ajílẹ̀ inú àpò nìkan, lọ́dọọdún, pàápàá èyí tí ó jẹ́ náítírójìn nìkan, kò lè gbé ilẹ̀ dúró. Àìfún ilẹ̀ ní nǹkan kan, olè jíjà ni. Àpò pẹ̀lú ohun jíjẹrà, tí a fi sí i ní àkókò tí ó yẹ, ni gbogbo àwọn oko ọlọ́jọ́ pípẹ́ wọ̀nyí ń jẹ́rìí sí.

Ìmọ̀ràn tí a mú wá kò pọ̀. Èkíní, kí a má ṣe sun pòròpórò ìrẹsì mọ́. Kí a tú u ká sórí oko, kí a sì rò ó mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí a tó gbìn, nítorí pé nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹrà, òun pàápàá máa ń gba náítírójìn mọ́ ọ̀gbìn lẹ́nu. Èkejì, kí a má ṣe da gbogbo yúríà sí oko ní ọjọ́ kan. Kí a pín in, kí a sì fún un nígbà tí ó ń yọ ẹ̀ka àti nígbà tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí yọ orí. Ní àkùrọ̀, kí a rì í mọ́ inú ẹrẹ̀; èyí tí a fọ́n sórí omi, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ̀kẹta, kí àkùrọ̀ rí ààyè gbẹ láàrin ìkórè kan àti ìgbìn kejì. Ẹ̀kẹrin, lórí ilẹ̀ òkè, kí a má ṣe gbin ìrẹsì lé ìrẹsì. Kí ẹ̀wà, ẹ̀pà tàbí òtílí gba ipò rẹ̀ ní àárín, nítorí gbòǹgbò wọn mọ ọ̀nà tí a fi ń gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. Ìgbẹ́ adìyẹ àti ti ẹran, tí ó jẹrà dáradára, kí ó máa lọ sí oko, kí ó má ṣe máa lọ sí ojú àgbàrá.

Ohun ìkẹyìn ni ẹ̀bẹ̀ wa sí ẹgbẹ́ yìí gan-an. Ní Samaru, lẹ́bàá Zaria, láti nǹkan bíi 1950 ni wọ́n ti ní oko ìdánwò tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ ẹran àti ajílẹ̀ inú àpò wé ara wọn lórí ilẹ̀ Hausa. Àwa náà lè bẹ̀rẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Kí ẹgbẹ́ bẹ ìdílé kan tí ó ní ilẹ̀ ìrẹsì, kí a fa ìlà mẹ́rin níbẹ̀. Kí ìlà kìn-ín-ní má gba nǹkan kan. Kí èkejì gba àpò nìkan. Kí ẹ̀kẹta gba ìgbẹ́ àti pòròpórò. Kí ẹ̀kẹrin gba méjèèjì. Kí a wọn ìkórè ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, kí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn wa yìí. Ìdánwò yìí kò béèrè owó púpọ̀. Sùúrù ni ó béèrè. Ó lè jẹ́ pé àwa tí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọ́ ni yóò ka òpin rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ wa bá tún dìde láti bá ara wọn jiyàn bí a ti ṣe ní oṣù tí ó kọjá, wọn yóò ní ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ẹlẹ́rìí, wọn kò ní máa wá ẹlẹ́rìí lọ sí òkè òkun bí àwa ti ṣe.

Ìfẹ́ ilẹ̀ baba ẹni kò parí sí orí orin àti ìlù, aṣọ àti èdè. Ilẹ̀ tí a ń fẹ́ràn, erùpẹ̀ ni. Ó ń jẹun, ó ń rẹ̀ ẹ́, ó sì ń rántí. Àwọn àgbà ní àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí ó jẹ́ àwa, àti nípàtàkì jùlọ, kí ó má jẹ́ àwọn ọmọ wa ni yóò ru ú fún wa.